Ìyàwó Tó Kúnlẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilẹ̀kùn

Màmá Lois, Lois lorúkọ òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ téèyàn ń nàka sí. Kì í mutí, kì í jalè. Ó fi ọdún márùndínlógójì ṣe tíṣà, àga iwájú sì ni tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkìjà. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ le ju òkúta Abẹ́òkúta lọ, ẹ sì mọ bí òkúta wa ṣe pọ̀ tó!

Máyọ̀wá, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló ń bí i nínú. Bí Tolúlàṣẹ ọmọ rẹ̀ bá ti lọ wọkọ̀ Èkó ní Kútọ̀ láàárọ̀, ìjà dé.

"Orí ìdúró lo ti ń kí mi!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo kúnlẹ̀."

"Lórí orúnkún ta ni?"

Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ Màmá Lois alára kò já geere mọ́. Èjìká rẹ̀ ń gbá férémù ilẹ̀kùn. Ó ń tàsé àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ki ẹsẹ̀ kan bọ gọ́tà, bàtà ìsìn rẹ̀ bómi lọ. Ọ̀kadà kì í wá látòkèèrè mọ́, ṣe ló ń hù lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tiẹ̀ bẹ àga pé kó máà bínú, ó rò pé èèyàn lòun kọlù. Ẹ má fi ṣẹ̀sín o; èmi náà ti kí agbádá tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri rí, mo tún béèrè àwọn ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí kò lè dá sọdá títì mọ́, ó ní Máyọ̀wá ló di òun lẹ́sẹ̀. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pé kí Ọlọ́run fìyà jẹ ẹ́. Ó sì pàṣẹ fún Tolúlàṣẹ pé kó dá ìyàwó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Wásinmi kí oṣù tó parí.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó jáde ní yàrá, ó kọsẹ̀ lára nǹkan rírọ̀, ó ṣubú gbì. Máyọ̀wá ni nǹkan náà, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú "Ẹ káàárọ̀ mà" lẹ́nu.

Péjú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sí pálọ̀.

"Lois, ọmọ yìí ti kúnlẹ̀ kó o tó jáde! O ò rí i ni?"

"Níbo?"

Péjú na ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Mélòó nìyí?"

"Mélòó ni kí ni?"

Péjú fà á lọ́wọ́ dìde, ó di ọsibítù.

Dókítà ní gulukómà ni, àìsàn tó máa ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, tí kì í sábà dunni. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú lójoojúmọ́ ni yóò máa ṣọ́ ìwọ̀nba tó kù.

Nínú takisí, ó bú sẹ́kún. "Péjú, mo gbààwẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lórí."

"Àìsàn ojú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èpè yẹn ńkọ́? Lois, ṣé o mọ Jésù tó ò ń kọrin nípa rẹ̀ yìí?"

Lois nu omijé nù. "Orin rẹ̀ ni mo mọ̀. Mi ò mọ òun fúnra rẹ̀."

Ibẹ̀ ló ti di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "Jésù, agbéraga ni mí. Dárí jì mí. Gbà mí."

Nílé, Máyọ̀wá ń di ẹrù. Màmá Lois fọwọ́ tọ ògiri wọlé, ó kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ o! "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́."

Àpótí ló dojú kọ.

"Màmá, ibí ni mo wà mà," ni ọmọ náà wí, ẹkún àti ẹ̀rín pa pọ̀. Ó gbé e dìde, ó tú ẹrù.

Ojú kò padà. Títí dòní, Máyọ̀wá ló ń di apá rẹ̀ mú lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń kà á fún un: ọ̀kan, èjì.

Ìwọ tó ò ń kà á, lọ yẹ ojú rẹ wò. Ọkàn rẹ ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ náà kì í dunni níbẹ̀rẹ̀; ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ wọlé, ìwọ á sì máa bú ẹlòmíì. Olúwa ti dúró tì ọ́ tipẹ́tipẹ́, o kàn ń kọjá lára rẹ̀ ni. Má dá a dọ̀la, ìmọ́lẹ̀ ń tán lọ. Yíjú sí i nísinsìnyí, níbi tó o jókòó sí yẹn.