Gbọ́njúbọ́lá Onílátìn

"Dókítà wa dé o! Dókítà dé!"

Gbọ́njúbọ́lá ò tíì wọ abúlé Arógunbọ̀ tán tí àwọn ọmọdé ti já báàgì gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́lẹ́kájà l'Ólódò, ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, àmọ́ orúkọ yẹn ń gún un nínú. Ṣé ẹ rí i, Gbọ́njúbọ́lá kì í ṣe dókítà, kò sì ní di dókítà láéláé. Látìn ló ń kọ́ ní yunifásítì n'Íbàdàn! Èdè àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́.

Mojí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló kó irọ́ dókítà yẹn sí i lórí. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé Gbọ́njúbọ́lá wọlé, lọ́dún tó tẹ̀lé òmìnira, ẹ̀rín ni Mojí bú sí.

"Látìn kẹ̀? Gbọ́njú, ṣé orí ẹ pé? Kí bàbá ẹ máa roko kòkó títí ẹ̀yìn wọn á fi tẹ̀, kó o wá lọ kọ́ èdè tẹ́nikẹ́ni ò sọ mọ́? Ṣáà sọ fún wọn pé dókítà ni. Ta ló máa mọ̀?"

Gbọ́njúbọ́lá fẹ́ràn Látìn bí ẹní fẹ́ràn oúnjẹ. Ẹ̀rù ló bà á pé Bàbá ò ní jẹ́ kóun lọ, ló bá purọ́. Inú Bàbá dùn débi pé wọ́n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n kéde ẹ̀ fún gbogbo ayé.

Lọ́jọ́ tó dé yìí, omi ni Gbọ́njúbọ́lá ń mu lọ́wọ́ nílé bàbá ẹ̀ nígbà tí Fàtímọ̀, aládùúgbò wọn, já wọlé, ó gbé Sàníù ọmọ ẹ̀ mọ́ àyà. Ara ọmọ náà gbóná bí ààrò.

"Alihamudulilai! O ti dé! Àtìjẹta ni ibà ti mú un. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sí ọsibítù n'Íbàdàn, mo ní rárá o, dókítà wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bá mi wò ó, ọmọ mi."

Gbọ́njúbọ́lá gbé ife omi sílẹ̀. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń retí ohun tọ́mọ wọn máa ṣe. Ó lè fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ yẹn, kó ní kí wọ́n fomi tútù nù ún, kó sì fọgbọ́n jáde. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu ẹ̀ báyìí. Ni gìrì bá gbé Sàníù lọ́wọ́ ìyá ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́!" Gbọ́njúbọ́lá bú sẹ́kún. "Èmi kì í ṣe dókítà! Irọ́ ni mo pa. Látìn ni mò ń kọ́, mi ò mọ nǹkan kan nípa oògùn. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá!"

Bàbá sáré jáde. Wọ́n fa kẹ̀kẹ́ wọn yọ, wọ́n gbé ìyá àtọmọ sẹ́yìn, wọ́n forí lé Olódò láti wá ọkọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn.

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ti Gbọ́njúbọ́lá ò tiẹ̀ rìn jìnnà rárá.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Bàbá tó padà.

"Ọmọ yẹn yè. Wọ́n ní díẹ̀ ló kù." Wọ́n jókòó. "Kí ló dé tó o fi purọ́ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ ò ní gbà, Bàbá."

"Àṣé ìwọ lo bá mi dáhùn ìbéèrè tó ò tíì bi mí! Kí tiẹ̀ wá ni Látìn yìí?"

"Èdè àwọn ará Róòmù ni, sà."

"Àwọn ṣọ́jà tó kan Jésù mọ́gi? Èdè àwọn oníwàkiwà yẹn lo lọ ń kọ́?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Gbọ́njúbọ́lá láàárín ẹkún. "Àwọn náà ní àgbẹ̀, Bàbá. Wọ́n kéwì nípa ìgbà tó yẹ kéèyàn gbin nǹkan, nípa oyin sísìn, nípa àgbẹ̀ tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

Bàbá sún àga mọ́ ọn. "Ilẹ̀ tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó sì dùn wọ́n débi tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé?"

"Ó dùn wọ́n gan-an ni."

"Hùn-ún. Àgbẹ̀ ni wọ́n lóòótọ́." Ojú Bàbá tún le padà. "Àmọ́ o ò tíì bọ́ o. Ẹnu tó o fi purọ́ náà lo máa fi tún un ṣe, láti ojúlé dé ojúlé."

Ó lọ. Ojú tì í! Bàbá àgbà kan tiẹ̀ bi í pé, "Látìn? Ṣé ibà ló ń wò ni àbí inú rírun?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Gbọ́njúbọ́lá ṣáà ń sọ ọ́ títí ó fi kárí abúlé.

Ó ku ilé Fàtímọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ti ọsibítù dé ló lọ. Sàníù wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀, ó ń ké fún ẹ̀kọ. Fàtímọ̀ kọjú sí Gbọ́njúbọ́lá.

"Ó ń ṣe mí bíi kí n gbá ẹ létí."

"Ẹ gbá mi, mà."

Fàtímọ̀ pòṣé. "Ká ní o tún purọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò ní lọ́mọ mọ́. Ìyẹn ni mi ò ṣe ní gbá ẹ. Tó o bá parí ìwé ẹ, wá kọ́ Sàníù náà níwèé. Àmọ́ òótọ́ sísọ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nǹkan tọ́kàn yín fẹ́ láti kọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ sọ ọ́ jáde bó ṣe jẹ́, kí ẹlòmíì má baà lọ gbé ẹ̀mí ẹ̀ lé ohun tẹ́ ẹ ò ní.