Ẹ̀bùn Àárín Ọdún Láti Ilé Hanezawa

"Ẹ̀gbọ́n mi ló tà wá! Kí iná jó mi bí mo bá ń parọ́!"

Mineko ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú bàbá wọn, kò tiẹ̀ tì í lójú. Sawae ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀ sórí ẹní. Ó ti sunkún títí omijé fi gbẹ, gbogbo ara rẹ̀ ti kú tipiri.

Ilé ìtajà Kuzumi alájà márùn-ún, tí bàbá àgbà wọn fi aṣọ kíkiri bẹ̀rẹ̀, ti fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Hanezawa, abánidíje wọn tó ní ilé ìtajà lódìkejì odò. Ẹnìkan nínú ilé ló ń bá Hanezawa ra ìpín tí àwọn ìbátan ní nínú ilé ìtajà náà lábẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ìyàwó mi ni, ẹ fojú àánú wò ó," ni Tokuji wí, ọkọ Sawae tí bàbá gbà ṣọmọ, tó fi ń jẹ́ Kuzumi. Ìkà ń ṣojú àánú!

"Ó tó! Láti ọ̀la, Tokuji ló ni ilé ìtajà. Sawae, o ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́!"

Bí bàbá ti dákẹ́ ni Oyone, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé, wọlé. "Bàbá, wọ́n kó ẹ̀bùn àárín ọdún wá."

Páálí méjì ni, bébà Hanezawa ni wọ́n fi dì wọ́n. Orúkọ Tokuji wà lára ọ̀kan, ti Mineko wà lára èkejì. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá ṣeni lóore la ń fún ní ẹ̀bùn àárín ọdún? Àwọn ará Hanezawa mọ ọmọlúàbí ṣe, wọn kì í fo ẹnikẹ́ni. Bí a bá yọ́lẹ̀ dà, ohun abẹ́nú a máa yọ́ni ṣe!

"Tokuji, oore wo lo ṣe fún wọn?"

"Bàbá... àṣìṣe ni..."

"Mineko, ìwọ tí o kò ta abẹ́rẹ́ rí ńkọ́?"

Mineko kọjú sí Tokuji. "Òpònú! Ṣebí o ní tí a bá ta ilé ìtajà tán, wàá kọ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, wàá fẹ́ mi!"

Sawae gbọ́ ìyẹn náà. Kò dùn ún mọ́.

"Tokuji, bọ́ orúkọ mi sílẹ̀!" Bàbá dìde. "Padà sórúkọ bàbá rẹ! Mineko, tẹ̀ lé e! Sawae, ìpín tó wà lọ́wọ́ mi ṣì ju tiwọn lọ, ìwọ ni mo fún. Ọmọ mi, dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́, Bàbá." Ó tẹríba. Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó yíjú sí Oyone.

"Kó aṣọ ọkọ mi àti ti Mineko. Fi bébà ilé ìtajà wa dì wọ́n dáadáa, kí wọ́n gbé wọn lọ fún Hanezawa. A kì í gba ẹ̀bùn ká má fún wọn padà."