Ẹni Tí A Kò Dá Lóhùn

"Okun o!"

Ohùn náà wá láti inú oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Odo-Ape. Morónkẹ́ dúró, ìdì igi lórí rẹ̀. Ó mọ ohùn náà dáadáa. Bàbá Theresa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

"Má dá a lóhùn," Agatha, tí wọ́n jọ lọ ṣẹ́gi, wí lẹ́yìn rẹ̀. "Máa lọ."

"Okun o! Ta ní ń kọjá níbẹ̀ yẹn?"

Ní ilẹ̀ Owé, kò sí ẹni tí í gba ẹ̀gbẹ́ oko kọjá, kí ó gbọ́ ìkíni okun, kí ó má jẹ́ ẹ. Èèyàn á dáhùn, á béèrè iṣẹ́, á béèrè ara, kí ó tó máa lọ. Ọmọ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Morónkẹ́ la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá mú ewúrẹ́ ìyá rẹ ni?" Agatha bi í. "Àbí ìwọ náà ti di ará Odò-Ẹrẹ̀?"

Ọkùnrin náà tún kí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Morónkẹ́ tún ìdì igi rẹ̀ gbé, ó sì ń lọ. Ìdì igi náà kò wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ọrùn ń dùn ún títí ó fi délé.

Ọ̀la ni ìbò. Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni, gbogbo Kabba sì dà bí ilé tí kòkòrò oyin wọ̀. Ọkùnrin méjì ló ń du ipò kan ṣoṣo. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Owé, àmì ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́. Èkejì jẹ́ ọmọ Ìyàgbà tó ń ṣòwò ní Kabba, àmì tirẹ̀ sì ni àtùpà. Ìjà náà wọ ìlú débi pé àwọn ará Kẹ̀kẹ́ kì í gbé àtùpà jáde síta mọ́ bí ilẹ̀ bá ṣú. Ògùṣọ̀ ni wọ́n ń tàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì wọ́n mú.

Jethro Lájídé, bàbá Morónkẹ́, ni olórí ẹgbẹ́ Kẹ̀kẹ́ ní àdúgbò wọn. Òun ló pe ìpàdé tí wọ́n ti ní kí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan dìde, kí ó sọ ibi tí ìbò rẹ̀ ń lọ. Nígbà tó kan Thomas Oyèbánjí, bàbá Theresa, ó dìde pẹ̀lẹ́.

"Inú àpótí ni ìjọba ní kí n fi ìwé ìbò mi sí," ó wí. "Wọn ò ní kí n fi sí etí yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Odò-Ẹrẹ̀ ní Ìyàgbà ni wọ́n ti bí i. Níbo ni ì bá tún lọ?" Ẹ̀rín sì tán.

Kí ìpàdé tó túká, wọ́n ti ṣòfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí Thomas tàbí ará ilé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ okun wọn, tàbí fún wọn ní iná. Ewúrẹ́ kan ni ìtanràn. Bẹ́ẹ̀ rèé, ọkùnrin yìí ti kọ́lé sí Kabba kí wọ́n tó bí Morónkẹ́. Òun ló pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn lọ́dún tí ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, tí bàbá rẹ̀ wà ní ìrìn àjò Lokoja. Ọdún yẹn náà ni iṣu kò ta, tí wọ́n fi ẹ̀wà lásán ṣe Kérésìmesì, Thomas sì gbé iṣu márùn-ún wá láti inú ìwọ̀nba tirẹ̀.

Morónkẹ́ àti Theresa ló ń jókòó lórí àga kan náà ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì jọ ń múra ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Lọ́jọ́ kejì òfin náà, Morónkẹ́ kó ìwé rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ Agatha. Obìnrin kò tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní Àríwá nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin ń ru ìjà ìbò káàkiri bí ẹni ń ru omi.

Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí Theresa yọ sí àgbàlá Jethro. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ Kẹ̀kẹ́ kún ibẹ̀, wọ́n ń ṣètò ọ̀la. Morónkẹ́ ń bu omi fún wọn.

"Okun o," Theresa wí.

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi kò tíì dé láti oko. Ìyá mi sì lọ sí Iyamoye. Ṣé ẹnì kankan rí bàbá mi lọ́nà?"

"Bóyá ó lọ ra epo sí àtùpà rẹ̀," Benjamin wí. Òun ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí í pa wọ́n lẹ́rìn-ín nípàdé. Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́.

Agatha wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo Morónkẹ́, ó mi orí. Morónkẹ́ wo orúnkún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó sì gbé igbá omi sílẹ̀.

"Mo gbọ́ ohùn wọn," ó wí.

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i. "O gbọ́ kí ni?"

"Wọ́n kí wa nígbà tí à ń gbé igi bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kí wa, a ò sì jẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn wọn ti rẹlẹ̀." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ta ní í kí èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta bí nǹkan ò bá ṣe é?"

Bàbá Joseph, àgbà tó dàgbà jù níbẹ̀, tú èéfín tábà sílẹ̀.

"Bí a ń jà, bí í ká kú kọ́," ó wí.

"Òfin ńkọ́?" Benjamin bi í. "Ṣé torí pé ilé olórí ni?"

Jethro ti dìde. "Ewúrẹ́ náà wà lẹ́yìn ilé. Ẹ lọ tú u." Ó fa àdá yọ nínú àjà. "Morónkẹ́, gbé àtùpà wá."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àtùpà ará Kẹ̀kẹ́ ló ṣáájú wọn gba ọ̀nà Odo-Ape lọ, Theresa sì ń sáré níwájú rẹ̀.

Igi tí Thomas ń gé ló yí padà wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti funfun fún òùngbẹ. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kàn án lójú, ó wí pẹ̀lẹ́ pé, "Okun o."

"Okun, Thomas," Jethro dáhùn. "Okun o."

Wọ́n gbé igi náà kúrò, wọ́n sì fi pákó ilẹ̀kùn gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà sọ pé ká ní wọ́n ti gbé e dé lọ́sàn-án ni, òun ì bá gba ẹsẹ̀ náà là. Wọ́n gé e.

Kẹ̀kẹ́ wọlé. Wọ́n jó yí ìlú ká, ṣùgbọ́n Jethro kò bá wọn jó. Ó mú Morónkẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Thomas, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, Jethro," Thomas wí. "Ṣé ẹ wọlé?"

"A wọlé."

"Ó dára. Ẹ̀yin náà ni ǹ bá dìbò fún. Ọkùnrin alátùpà yẹn, ọmọ ilé wa ni, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. N kò lè fi adìẹ sí i níkàwọ́."

Jethro dìde. "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ nípàdé?"

"Ẹ kò bi mí pé ta ni mo fẹ́," Thomas dáhùn. "Ọmọ ibi tí mo jẹ́ ni ẹ ń bi mí."

Morónkẹ́ kúnlẹ̀. "Èmi ni mò ń kọjá lọ́jọ́ náà, bàbá."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ ohùn Agatha, mo sì mọ̀ pé ẹ jọ ń rìn ni." "Ìwọ náà lo mú wọn wá. N kò gbàgbé èyí àkọ́kọ́, n kò sì ní gbàgbé èkejì."

Nígbà tí ìdánwò dé, Theresa wà nínú oko bàbá rẹ̀, ó ń kọ ebè. Morónkẹ́ nìkan ló jókòó lórí àga ẹlẹ́ni méjì náà, ó sì yege. Ó di olùkọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ohùn bá ti inú igbó kí i, yóò kọ́kọ́ dáhùn, yóò dúró, yóò béèrè ara, kí ó tó ronú kan ẹni tó ń pe òun. Ohun tó sì ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní gbogbo ọdún ìbò ni pé ìbò á dé, á sì lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá kọ̀ láti dá lóhùn torí ìlú tí wọ́n ti bí i, ẹ kò mọ ohun tó fẹ́ bá yín sọ.