Awakọ̀ Oògùn àti Oníṣẹ́jú

Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà lọ́jọ́ tí awakọ̀ tó ń gbé oògùn kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ọsibítù, ó ń fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ kejì, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára aago ara ògiri. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò ráyè tijú.

"Ogún ìṣẹ́jú lẹ fi pẹ́," ni kíkí tó kí i.

Awakọ̀ gbé àpótí onírin wíwúwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní ọ̀nà ló dí. Obìnrin náà kò bínú. Ó ṣàlàyé fún un pé oògùn inú àpótí yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, pé láàárín wákàtí méjì, agbára rẹ̀ á ti dín sí ìdajì, bẹ́ẹ̀ aláìsàn mẹ́ta ló ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀. Òun ni wọ́n ń gún sí wọn lára kí ẹ̀rọ lè fi ibi tí jẹjẹrẹ sá pamọ́ sí hàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni láti wá irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí yóò rí jẹjẹrẹ, tí yóò sì jó o run níbi tó wà, kó má ba ibi tó kù jẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń wá a.

Ní ọjọ́ kejì, awakọ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú àkókò dé. "Oníṣẹ́jú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí. Obìnrin náà gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò rọ́gbọ́n dá sí i.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tíì gbígbóná lórí àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ díẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ púpọ̀. Ká sọ tòótọ́, kò sẹ́ni tó lókun ariwo ìfẹ́ nínú wọn. Síbẹ̀, kí ọdún tó yí po, awakọ̀ ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ìyàwó.

Àṣìṣe kan ló fẹ́ bà á jẹ́. Gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ló ń fi báàjì kan sáyà, òun ló ń ka iye ìtànṣán oògùn náà, iná àìrí tó lè pani lára, tó wọ̀ wọ́n lára lóṣooṣù. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, oorun ti kún ojú Oníṣẹ́jú, ló bá fi ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ìyókù oògùn sí, tòun ti báàjì, ó di Mọ́ńdé. Iye tí wọ́n kà lára báàjì náà kọjá sísọ, kò sì sẹ́ni tó lè fi dájú bóyá kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ló kà tàbí ara rẹ̀. Ọ̀gá ní kó lọ jókòó sílé títí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde.

Awakọ̀ kò mọ bí èèyàn ṣe ń fi nǹkan pamọ́ fún ìyá ẹni, ló bá sọ ọ́ nílé. Ìyá fárígá. Ó ní ọmọ òun kan ṣoṣo kò ní fẹ́ obìnrin tí iná àìrí ti jó nínú, àfi tó bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó tètè bímọ. Àyẹ̀wò jáde, kò sí nǹkan kan, Oníṣẹ́jú sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ní òun kì í ṣe ẹni tí bébà ń tàn jẹ.

Ó wá sí ọsibítù fúnra rẹ̀. Ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì tí Oníṣẹ́jú wà, ó gbé báàgì rẹ̀ sáàárín òun àti Oníṣẹ́jú. Awakọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé wàá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀?"

"Rárá, mà. Èèyàn mọ́kànlá ló wà lórí oògùn tuntun tí mo ti ń wá láti ọdún yìí wá. Kókó jẹjẹrẹ tó wà lára ọ̀kan nínú wọn ti ń kéré sí i."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Mi ò lè ṣèlérí, mà. Mo ti di ẹni ogójì ọdún, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ iṣẹ́ yìí. Tí mo bá ṣèlérí, irọ́ ni mo pa fún yín." Ó nu ojú rẹ̀. "Kò sí nǹkan tí kì í sú mi nígbà mìíràn, títí kan iṣẹ́ yìí. Ọmọ yín nìkan ni kò sú mi rí."

Omi bọ́ lójú awakọ̀. "Màámi," ló wí, "bí ọmọ bá dé, ẹ ó gbé e jó. Bí kò bá dé, èmi àtòun la jọ máa darúgbó. Mi ò wá ẹlòmíràn."

Ìyá gbé báàgì náà kúrò láàárín wọn, ó sì sún títí èjìká rẹ̀ fi kan ti obìnrin náà.

Oníṣẹ́jú ní kí wọ́n má bínú, pé aláìsàn ń dúró de òun.

"Lọ dá wọn lóhùn, ìyàwó mi," ni ìyá wí. "Tí o bá ṣe tán, wàá bá wa níbí."