Ọ́ìlì Tuntun Nínú Ọkọ̀ Bàbá

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì jíà ọkọ̀ yẹn nù o. Ẹ dúró dè mí."

Ohùn Ọ̀gá Mobọ́lájí, mẹkáníìkì bàbá Maimunat, ló ń jáde látinú fóònù bàbá náà. Maimunat jókòó sórí àga oníke lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Igbó-Elérin, ó gbé fóònù náà sétí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Àná, ní kùtùkùtù, ni Ọ̀gá Mobọ́lájí ti fi ohùn yìí ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn, níbi tó ti lọ wo ìyá rẹ̀, nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ọkọ̀ náà. Àná yẹn náà, lọ́sàn-án, ni Muheez, ẹ̀gbọ́n Maimunat, wa ọkọ̀ lọ sí Òkòkòmáíkò, tí àwọn tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́bàá títì sì fọ ọ́ìlì jíà náà dànù pátápátá, tí wọ́n rọ tuntun sí i.

Kì í ṣe pé fóònù kò dún. Ó dún, ó tún dún. Maimunat rí orúkọ Ọ̀gá Mobọ́lájí lójú rẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá wọn ni fóònù náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo ẹni tó bá pè ń sọ: ẹ kú ara fẹ́ra kù, Ọlọ́hun á fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Ó ti ń ṣe àmín títí àmín fi sú u. Nígbà tó yá, ó ń dojú fóònù dé orí tábìlì, ó ń jẹ́ kó máa gbọ̀n títí yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Kò sunkún rárá. Èyí gan-an ló ń ya àwọn ará àdúgbò lẹ́nu. Ní ọjọ́ àdúrà fídáù, ó pín omi, ó pín àkàrà, ó kó àga jọ, ó gbálẹ̀. Àwọn ìyá kan ń wò ó, wọ́n ní ọmọ yìí mà gbójú o. Kò gbójú. Ohun tó wà láyà rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́ títí tó fi kú: ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá fọwọ́ kàn án, bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló rí.

Ó tún ohùn náà gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀dá Muheez, ẹ wá gbọ́ nǹkan."

Muheez ń fọ ọkọ̀ náà lọ́wọ́. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ aláwọ̀ eérú ni, òun ni bàbá wọn fi ń ṣe kábù láti Ọ̀jọ́ sí Ìbà kí àìsàn tó dá a dúró. Muheez wá pẹ̀lú kànìnkànìn tó ń kán omi ọṣẹ lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

"Wọ́n kúkú ti dà á nù," ó ní. "Ẹ̀rọ ni wọ́n lò. Ẹ̀rọ yẹn ń fi agbára ti tuntun wọlé, ó ń lé ti àtijọ́ jáde. Inú mi tiẹ̀ ń dùn. Mo ní bí Àǹtí Ọláfúnkẹ́ tó fẹ́ rà á bá fa gééjì yọ, wọ́n á rí i pé ó pọ́n bíi sóbò."

"Ẹ ò bi mí."

"Kí n bi ọ́? Ìgbà wo lo di mẹkáníìkì?"

Maimunat kì í ṣe mẹkáníìkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló máa ń dúró ti bàbá wọn ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Bàbá yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, yóò fa gééjì jíà, irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì, yọ, yóò nù ún sára síńgílẹ́ẹ̀tì funfun kan tó ti gbó, yóò sì na aṣọ náà sí ọmọ rẹ̀.

"Gbóòórùn rẹ̀. Ó jóná àbí kò jóná?"

"Kò jóná, bàbá mi."

"Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jíà yìí ti darúgbó. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kò pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ rí, ìgbà tó dé ọwọ́ wa, ó ti dúdú bí ọ̀dà. Tá a bá dà á nù lẹ́ẹ̀kan náà, ìdọ̀tí tó ń jẹ́ kí jíà di ara wọn mú á bá a lọ, jíà á máa yọ̀. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa bù ú, díẹ̀díẹ̀ la ó máa fi tuntun dí i, irú kan náà. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, bàbá mi."

"O ò gbọ́. Ojú ọ̀run lò ń wò."

Lóòótọ́, ojú ọ̀run ló máa ń wò. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ náà.

Muheez gba fóònù, ó pe Ọ̀gá Mobọ́lájí, ó sì ṣí i sílẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè máa gbọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, kò pariwo. Ó kàn mí kanlẹ̀.

"Áà, Muheez. Èmi àti bàbá yín ti ń rọra bọ́ jíà yẹn bí wọ́n ṣe ń bọ́ aláìsàn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, kí la lè ṣe sí i báyìí?"

"Ọ́ìlì tó ti lọ ti lọ. Ó lè máa rìn fún ìgbà díẹ̀, ẹ tiẹ̀ lè rò pé ó ti dára sí i. Tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, tí ẹ́ńjìnì ń ké tí ọkọ̀ ò lọ, jíà mìíràn lẹ máa wá. Mo pè yín láná o. Mo pè títí."

Muheez pa fóònù. Kò wo Maimunat, Maimunat náà kò wò ó.

"Ọ̀la ni Àǹtí Ọláfúnkẹ́ ń bọ̀ wá rà á," Muheez ní. "Ọkọ̀ ṣì ń rìn. Kò sẹ́ni tó máa sọ nǹkankan."

"Tó bá wá dáwọ́ dúró lọ́wọ́ wọn ńkọ́?"

"Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni. Èwo ni kì í dáwọ́ dúró?" Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́, Maimú. Ìwọ ni mo ń ṣe é fún. Orúkọ rẹ ti jáde ní yunifásítì. O ń gbọ́ ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ẹnu géètì wọn bó o bá dúró ní Ìbà, ó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Tá ò bá sanwó ìwọlé rẹ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi sípò rẹ. Kí la tún ní yàtọ̀ sí ọkọ̀ yìí?"

"Kí lẹ̀ ń sọ níbẹ̀ yẹn?" Ìyá wọn ló pè látojú fèrèsé. Ó wà nínú opó, kò lè jáde, gbogbo ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ níta, ojú fèrèsé ló ti ń bi wọ́n.

Muheez wo Maimunat.

"Kò sí nǹkan, Màmá," Maimunat ní. "Ọkọ̀ là ń fọ̀."

Irọ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tó ń ṣe àmín. Kò tilẹ̀ dùn ún.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Ọláfúnkẹ́ gun ọ̀kadà dé pẹ̀lú ẹrù aṣọ ńlá kan lórí itan. Aránṣọ ni, yúnífọ́ọ̀mù ló ń rán fún àwọn ilé-ìwé títí dé Ọ̀tọ̀-Àwórì, òun náà ló sì rán gbogbo èyí tí Maimunat wọ̀ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí tó fi jáde girama.

"Maimunat, wo bó o ṣe rù! Tó o bá wọ yúnífọ́ọ̀mù tí mo rán fún ọ, àpò ìrẹsì ló máa jọ lára ẹ." Ó fà á mọ́ra, ó sì dì í mú pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó kí ìyá wọn kú àṣẹ̀yìndè. Ìgbà tó dìde, ó nu ojú rẹ̀ kó tó yíjú sí ọkọ̀.

"Ẹ ò mú mẹkáníìkì wá, Àǹtí?" Muheez bi í.

"Mẹkáníìkì kẹ̀? Ọkọ̀ Bàbá Muheez! Ta ni kò mọ bí bàbá yín ṣe máa ń tọ́jú ọkọ̀ yìí ládùúgbò yìí? Ìgbà tí mo ní ẹrù tó pọ̀, àwọn ni wọ́n ń gbé e dé Ọ̀tọ̀ fún mi, wọn ò sì ní gba nǹkankan lọ́wọ́ mi. Mo ní wọ́n jẹ́ kí n sanwó, wọ́n ní kí n rán ṣòkòtò fún àwọn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn ni, màá mú mẹkáníìkì wá, màá tún mú pásítọ̀ wá. Èyí? Orúkọ bàbá yín ni mo ń rà."

Ó ní kí Muheez ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Muheez fúnra rẹ̀ ló fa gééjì jíà yọ, ó nù ún sára bébà funfun. Ọ́ìlì náà pọ́n, ó ń dán.

"Áà! Ó mọ́ o," ni Àǹtí Ọláfúnkẹ́ wí.

Maimunat ń wo bébà náà. Kò tíì rí i kí ó pọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n wọkọ̀. Àǹtí Ọláfúnkẹ́ mú sítíárì, Muheez jókòó tì í, Maimunat wà lẹ́yìn. Wọ́n jáde kúrò ní Igbó-Elérin, wọ́n dorí kọ ọ̀nà Ìbà. Ọkọ̀ náà ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Àǹtí Ọláfúnkẹ́ ń sọ ohun tó máa fi ṣe: kò ní gbé aṣọ àwọn ọmọ sórí ọ̀kadà mọ́, òjò kò ní pa yúnífọ́ọ̀mù mọ́, gbogbo owó tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí, ó tó kó fi ra ìsinmi díẹ̀ fún ara rẹ̀. Maimunat ń gbọ́ ọ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi.

Níbi tí wọ́n ti dúró kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọjá, ló ṣẹlẹ̀. Àǹtí Ọláfúnkẹ́ tẹ iná, ẹ́ńjìnì ké sókè, ọkọ̀ kò sì lọ. Ó dúró bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn náà ló fò síwájú lójijì.

"Yéè! Ẹsẹ̀ mi le jù. Ẹ má bínú, ó ti pẹ́ tí mo ti wa ọkọ̀. Màá mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ó mọ̀ ọ́n, Àǹtí," Muheez ní. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Maimunat gbé ọwọ́ lé àpò ara ilẹ̀kùn. Aṣọ kan wà níbẹ̀. Ó fà á jáde: síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ ni, ó kún fún àbàwọ́n ọ́ìlì, àwọn kan dúdú, àwọn kan rí bíi tíì. Ó gbé e sí imú. Kò jóná, bàbá mi. Omijé kò wá. Ó kàn mọ̀, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, pé ẹni tó wà níwájú yìí ń bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wí fún ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àti pé ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá dáwọ́ dúró pẹ̀lú ẹrù aṣọ àwọn ọmọ nínú rẹ̀, bàbá òun ni yóò máa bá wí.

Níta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá lọ sí ẹnu géètì wọn pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Ó wò wọ́n títí ẹni ìkẹyìn fi wọlé.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ páàkì."

"Ṣé èébì ń gbé ọ ni?"

"Rárá, mà."

Àǹtí Ọláfúnkẹ́ páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó yíjú padà. Muheez náà yíjú padà, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

"Maimú," ó ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Maimunat ká síńgílẹ́ẹ̀tì náà sórí itan rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jáde láìgbọ̀n.

"Àǹtí Ọláfúnkẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín. Jíà ló ń yọ̀. Mẹkáníìkì bàbá mi pè wá pé ká má da ọ́ìlì rẹ̀ nù, èmi ni mi ò gbé fóònù, wọ́n sì ti dà á nù kí n tó gbọ́. Ọ́ìlì pupa tẹ́ ẹ rí yẹn, ó dára lójú lásán ni. Ọkọ̀ yìí lè gbé yín délé lónìí kó má rìn mọ́ lọ́la. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ rà á bí ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ ti bàjẹ́. Tẹ́ ò bá fẹ́, a ò ní bínú. Ẹ ní orúkọ bàbá mi lẹ̀ ń rà. Mi ò lè ta orúkọ yẹn fún yín pẹ̀lú irọ́, kí n wá fi owó rẹ̀ wọ yunifásítì. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó wọlé, màá dúró de ọdún tó ń bọ̀."