Ìdérí Rádíétọ̀ Láti Kútọnu

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ọdẹkúnlé, ẹ̀rù ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ń wa Píjò 504 bàbá mi bọ̀ láti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ìdogo. Kí n tó dé Ìlaro, ọwọ́ géèjì tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì ti sáré lọ sórí pupa, èéfín sì bo gíláàsì iwájú. Omi gbígbóná ń ya sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni, ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibodè pa, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù agbébọn sì kún ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ àtijọ́ tó bá dúró lẹ́bàá igbó nígbà náà, ìrẹsì fàyàwọ́ ni wọ́n máa ń rò pé ó gbé.

"Àǹtí, ẹ bọ́ sílẹ̀! Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí yẹn o!"

Mẹkáníìkì kan ló ń sáré bọ̀ láti òdì kejì títì. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, eyín rẹ̀ funfun. Ó dúró títí ọkọ̀ fi tutù kó tó fi àkísà ṣí ìdérí rádíétọ̀. Ó yọjú wo inú rẹ̀, ó fi ìka ha nǹkan kan níbẹ̀.

"Omi ibo lẹ ń bù sí i?"

"Omi kànga wa ni. Ọmọ Hẹ́dìmásítà Adégbóyè ni mí."

Ó nu ìka rẹ̀ sára ṣòkòtò.

"Ìdérí yìí ló ti kú," ló wí. "Kò lè sé omi mọ́."

Tíṣà ni mí, mo máa ń mọ̀ bí ọmọ bá ń parọ́. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ni mò ń wò lọ́jọ́ náà.

Bó ṣe di pé ó ń wá sílé wa ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Á fi róbà di ìdérí náà pinpin, ọkọ̀ á rìn fún ọjọ́ mẹ́ta, á tún hó, èmi náà á tún pè é. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá, kò pè mí ní Àǹtí mọ́, Adúmáradán ló ń pè mí. Inú mi ń dùn, àyà mi sì ń já, torí mo mọ bàbá tó bí mi.

Nígbà tí Ọdẹkúnlé wá tọrọ mi, Bàbá ò gbà rárá. "Ṣé torí ẹni tó ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ ni mo ṣe rán ọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì?" ló bi mí. Ó yíjú sí Ọdẹkúnlé tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Oṣù mélòó lo ti ń tún ọkọ̀ yìí ṣe? Ọjọ́ tó bá gbé mi dé Ayétòrò tí kò hó, ọjọ́ náà ni kó o tó wá bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ mi."

"Bàbá, Kútọnu ni ìdérí rẹ̀ wà, ibodè sì ti pa."

"Ìyẹn kàn ọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, Ọdẹkúnlé ní òun ń gba ọ̀nà oko lẹ́yìn Ìpókíá lọ sí Kútọnu.

"Jọ̀ọ́, má lọ," mo bẹ̀ ẹ́. "Wọ́n ń yìnbọn níbẹ̀."

"Ìbítóyè, kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá yín?"

Ó ní òun á ti dé nígbà tí aago méjì bá lù. Aago méjì lù, n kò rí i. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo kọ nǹkan sójú pátákó, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, n kò mọ ohun tí mo kọ. Mo délé, n kò lè jókòó. Ní aago mẹ́rin, Àrìnpé aládùúgbò wa sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Ìpókíá, gààrí rẹ̀ lórí itan.

"Wọ́n yìnbọn lọ́nà oko lónìí o," ló wí. "Wọ́n ní mẹkáníìkì kan wà lára àwọn tó sá wọgbó."

Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Bàbá ń wá bàtà rẹ̀ káàkiri, bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. N kò rí ẹ̀rù lójú bàbá mi rí àfi lọ́jọ́ náà.

"Mo ti rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ ikú," ló ń wí. "Ìbítóyè, wọ ọkọ̀."

Ó bu omi kànga sí rádíétọ̀, ó sì wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. A ò tíì kọjá Ìdogo dáadáa tí Píjò fi hó. Èéfín bò wá. Bàbá ń fi ọwọ́ lu sítíà, mò ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó lè ran ẹnì kejì lọ́wọ́.

Àárín ẹ̀gẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà ni ẹnìkan ti jáde sí wa. Kò wọ bàtà, ẹrẹ̀ bò ó dé ọrùn. Ọdẹkúnlé ni! Mo pariwo orúkọ rẹ̀.

Iwájú Bàbá ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ sí.

"Bàbá, n ò ra ìdérí. Nígbà tí ìbọn dún, ẹ̀rù bà mí, mo sá."

"O ò fara gbọta?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dojú bolẹ̀ nínú oko, mo rí i pé irọ́ ni ǹ bá kú fún. Kì í ṣe ìdérí ló ń ṣe ọkọ̀ yìí. Omi kànga yín ni. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ló kún abẹ́ ilẹ̀ wa, ó wà nínú omi náà. Funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù, òun ló ti dí rádíétọ̀ pa. Mo mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Ta ni kò mọ̀ nípa kànga yẹn ní Ìlaro? Bàbá bàbá mi ló gbẹ́ ẹ, kò gbẹ rí, kò sì sí ọjọ́ tí Bàbá kì í dúpẹ́ rẹ̀ níbi àdúrà òwúrọ̀.

Inú bí mi ju bí mo ṣe ń yọ̀ lọ. Mo gbá a láyà. "O fẹ́ sọ mí di opó kí n tó lọ́kọ! Ọdẹ wo ló wà nínú orúkọ rẹ, ojo lásánlàsàn!"

Bàbá ń wo èéfín náà.

"Èmi náà mọ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mò ń rí i nínú kẹ́tùlù. N ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ létí mi ni." Ó fa Ọdẹkúnlé dìde, ẹrẹ̀ yí agbádá rẹ̀. "Sọ fún àwọn ará ilé rẹ ní Ìmàṣàyí kí wọ́n wá kí wa. Kó o sì lọ wẹ̀ kí wọ́n tó rí ọ."

Ó rìn lọ síbi ilé kan tó wà níwájú láti lọ tọrọ omi òjò. Ó ku èmi àti Ọdẹkúnlé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, Ìbítóyè."

"Ti kí ni? Kò sí ìbọn níbí."

"Tìẹ ni. O ti mọ̀ báyìí pé mo lè wo ojú rẹ kí n parọ́ fóṣù mẹ́ta."

N kò sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, torí nǹkan wà níbẹ̀.

"Òótọ́ ni wàá máa sọ fún mi títí n ó fi gbàgbé," mo wí, n kò sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.