Bíréèkì Aláwo Tí Láwàl Fi Ń Sọ̀kalẹ̀ Afárá Udu

Òjò ọ̀sán ọjọ́ náà kò kéré. Sàdíátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òwú àti bọ́tìnnì wọn ní Okumagba Layout, ó ń retí ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Láwàl dé, ńṣe ló ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀. Ẹrẹ̀ ti bo orúnkún rẹ̀, ètè rẹ̀ sì wú.

Ọdún náà le ní Warri. Àwọn ajàjàgbara ń fọ́ páìpù epo lójú omi, sọ́jà kún gbogbo oríta, bẹntiróòlù sì wọ́n bí imí eégún. Ìdí nìyí tí Láwàl fi ra kẹ̀kẹ́ onígíà tòkunbọ̀, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè. Òun ló fi ń gbé òwú, síìpù àti epo máṣíìnì lọ fún àwọn télọ̀ ní Ovwian.

Bó bá ń bọ̀, yóò sọ̀kalẹ̀ afárá Udu. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn sọ́jà ta okùn sí. Òfin wọn ni pé kí olúkúlùkù dúró ní ogún ìṣísẹ̀ sí okùn náà. Lọ́jọ́ yìí, Láwàl fa bíréèkì, ṣùgbọ́n rọ́bà tó yẹ kó fún ríìmù ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú ń yọ̀ lórí omi. Inú okùn ló bá ara rẹ̀. Ìbọn mẹ́ta kọjú sí i. Wọ́n gbá a létí, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sínú àbàtà, wọ́n sì sọ fún un pé bó bá tún dán an wò, ìbọn ni yóò dá a lóhùn.

Sàdíátù gbọ́ ìròyìn náà tán.

Ó ní, “Bàbá Mùízz, ẹ má kọjá afárá yẹn mọ́.”

Láwàl dáhùn pé, “Ìyá Mùízz, ọ̀hún ni oúnjẹ wa wà. Kẹ̀kẹ́ tó lè dúró nínú òjò ni mo nílò.”

Ó ti gbọ́ nípa bíréèkì aláwo, èyí tí àwo irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí páàdì méjì ń fún un mú, tí omi ojú títì kì í fi bẹ́ẹ̀ dà láàmú. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tuntun tó ní irú rẹ̀ yóò gbé ọjà ṣọ́ọ̀bù wọn mì. Wẹ́dà kan ládùúgbò ní òun lè jó irin mọ́ fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ náà, irin méjì tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, lówó pọ́ọ́kú, kí àwo lè rí ibi jókòó. Inú Láwàl dùn sí i. Sàdíátù ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá Abigail tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ekpan, nítorí abèèrè kì í ṣìnà.

Ará Ìlàjẹ ni bàbá Abigail, Urhobo ni ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, Pidgin ló sì fi ń dáhùn. Kò sí kẹ̀kẹ́ tí obìnrin yìí kò lè tú palẹ̀ kó sì tún un tò. Àwọn ẹnjiníà epo pàápàá ń gbé tiwọn wá bá a. Ó fi ìka kan yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, ó dẹtí sí i, ó sì mi orí. Sàdíátù ń wò ó, orí rẹ̀ ń wú.

“Oga, leave welder matter,” ni Abigail wí. “Dis fork thin. Di day wey brake hold am well, na dat day e go break.”

Ó wá ṣàlàyé pé kò dìgbà tí wọ́n bá ra kẹ̀kẹ́ tuntun. Fọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ tó ní etí tí wọ́n ń de bíréèkì mọ́, ẹsẹ̀ iwájú tó lè gba àwo, àti bíréèkì oníwáyà ti tó. Iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró, nítorí náà rọ́bà tuntun yóò tó fún ẹ̀yìn. Ó yan bíréèkì tí ọwọ́ bíréèkì àtijọ́ ara kẹ̀kẹ́ náà lè fà, kí wọ́n má bàa ra ọwọ́ mìíràn. Owó tí wọ́n ná kò tó ìdá kan nínú márùn-ún owó kẹ̀kẹ́ tuntun. Ó sì kìlọ̀ pé ní àràárọ̀, kí Láwàl dán bíréèkì wò nínú ọgbà kó tó jáde.

Nídìí òwò Sàdíátù, irin tó bá ń yí, epo ló ń mu. Bí télọ̀ bá ra abẹ́rẹ́, obìnrin náà yóò rán an létí epo máṣíìnì. Nígbà tó rí àwo tuntun tó ń dán, tó sì rántí bí òjò Warri ṣe ń sọ irin di ìpẹtà, ó mú àkísà, ó sì rọra fi epo pa á bí ẹni ń para fún ọmọ tuntun.

Ní òwúrọ̀, Láwàl gun kẹ̀kẹ́ náà nínú ọgbà, ó sì fa bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ kò dúró. Ó lọ kọlu ògiri.

Sàdíátù sáré bọ́ síbẹ̀. “Èmi ni mo fi epo sí i,” ló sọ.

Láwàl gbé kẹ̀kẹ́ náà dìde. Wọ́n jọ padà sí Ekpan. Abigail gbóòórùn páàdì náà, ó sì gbójú sókè. Ìgbà yìí ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀.

“Mọ́mì, ìfẹ́ lẹ fi ṣe é. Àmọ́ kí páàdì àti àwo fara kínra ni iṣẹ́ wọn, epo kì í sì í jẹ́ kí nǹkan fara kínra. Ṣéènì ni kí ẹ máa fún lépo.”

Kò bú u, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó da páàdì tó ti mu epo nù, ó fi sípíríìtì àti aṣọ mímọ́ nu àwo, ó sì fi páàdì tuntun sí i. Irú èèyàn báyìí ṣọ̀wọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀, òjò tún dé. Sàdíátù kò lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹsẹ̀ rìn dé ìsàlẹ̀ afárá, ó dúró sábẹ́ òrùlé ìsọ̀ kan. Ó rí ọkọ rẹ̀ lókè, ó rí sọ́jà tó na ọwọ́ sókè. Láwàl fa bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ náà dúró gbọn-in, okùn ṣì jìnnà. Ó bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì juwọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Sàdíátù sunkún níbẹ̀, kò bo ojú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, bí owó yín kò bá tó ra tuntun, ẹ tún bíréèkì iwájú ṣe ná. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó irin mọ́ fọ́ọ̀kì yín. Ẹ má jẹ́ kí epo kan àwo tàbí páàdì, kódà ọ̀rá ọwọ́, ẹ sì kìlọ̀ fún ará ilé tó ń bá yín nu kẹ̀kẹ́. Ẹ dán bíréèkì wò lójoojúmọ́ kí ẹ tó jáde. Ẹni tó bá lè dúró nígbà tí wọ́n ní kó dúró ni yóò délé.